Ajá Ọdẹ Ń Ṣiṣẹ́ fún Wa, Kí Ni Àwa Ń Ṣe fún Un?

Ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, koríko ti ń gbẹ, ẹ̀yin ọdẹ sì ti ń pọ́n àdá. Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí òṣìṣẹ́ kan tí gbogbo wa mọ̀, tí kì í gba owó oṣù, tí kì í sì í kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Ajá ọdẹ ni.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdẹ kan ló fa ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ajá òun bá ẹranko kan jà lóko nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òun ò rí ẹranko náà dáadáa torí ilẹ̀ ti ń ṣú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ajá ò jẹun mọ́. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ ti rọ̀, ẹnu ò pa dé. Ọdẹ yìí rò pé egungun ló há a lọ́fun. Ó ti fẹ́ ki ọwọ́ bọ ẹnu ajá láti yọ ọ́, àfi bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ní kó kọ́kọ́ béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìbéèrè yẹn sọ́kàn. A máa padà sí i.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí ajá yìí ń ṣe. Ẹni tó bá ti dẹ ọ̀yà rí mọ̀ pé ojú èèyàn ò lè rí i nínú koríko tó ga ju orí lọ. Imú ajá ló ń rí i. Ajá á gbóòórùn rẹ̀, á lé e jáde síbi tí àwọn tó mú kùmọ̀ dání dúró sí. Ọ̀yà tí wọ́n sì pa yẹn, òun náà ló ń gé àgbàdo wa lulẹ̀, tó ń hú ẹ̀gẹ́ wa jẹ. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí kì í dẹ ìgbẹ́ pàápàá ń jẹ àǹfààní ajá ọdẹ. Ní ti òkété, abẹ́ ilẹ̀ ló ń gbé. Ajá tó mọ iṣẹ́ á rìn kọjá ihò tó ṣófo, á dúró lẹ́nu èyí tí ẹran wà nínú rẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀.

Ká má rò pé àwa nìkan la ní irú ajá bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ajá kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní terrier. Ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé Faransé mọ̀ pé ihò ẹran abẹ́ ilẹ̀ ni terrier. Ibẹ̀ ni orúkọ ajá náà ti wá, torí pé ó kéré débi pé ó lè wọ inú ihò lọ bá ẹran. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ máa ń dúró lókè, wọ́n á dẹtí sí ìró rẹ̀, wọ́n á sì gbẹ́ ilẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ. Ajá tiwa náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ewu ibẹ̀ sì ń bẹ fún un bákan náà: òkété ń géni jẹ, ejò sì máa ń sá wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ajá bá ti orí bọ ihò, ẹ má da èéfín sí i. Ẹ má sì ki ọwọ́ bọ ibi tí ojú yín ò dé. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ní sùúrù.

Ẹ̀kọ́ ajá ọdẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàṣán. Ajá kékeré ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ajá àgbà, ẹ jẹ́ kó máa tẹ̀ lé e. Àwọn bàbá wa ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè, ta ló kọ́ ọ pé kó má gbọ́? Bí ẹ bá fun fèrè, tí ajá pẹ́ kó tó dé, tí ẹ wá nà án nígbà tó dé, kí ló kọ́ níbẹ̀? Ó kọ́ pé ẹni tó bá wá ni wọ́n ń nà. Lọ́jọ́ mìíràn, kò ní wá. Nígbà tó bá dé, bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹ fún un ní nǹkan díẹ̀ lẹ́nu, ẹ pè é lórúkọ.

Ẹ kọ́ ọ bákan náà kó di ẹran mú, kó má fà á ya. Ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta ẹran yíyan lẹ́bàá títì mọ̀ pé ẹran tí ajá ti fà ya kì í mú owó gidi wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ́ Mùsùlùmí. Súúrà Màídà, ẹsẹ 4, sọ̀rọ̀ nípa ẹran tí ẹranko tí a kọ́ ní iṣẹ́ ọdẹ bá mú fún wa. Àwọn àlùfáà sì ń kọ́ wa pé ká dárúkọ Ọlọ́run nígbà tí a bá ń tú ajá sílẹ̀, àti pé bí ajá bá ti jẹ nínú ẹran náà, ara rẹ̀ ló pa á fún, kì í ṣe àwa. Ẹ ò rí i pé ọjà àti ẹ̀sìn pa ohùn pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí? Ajá tó gbẹ̀kọ́ lérè.

Ó dáa, owó iṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́?

Àkọ́kọ́ ni omi. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Ahọ́n tó yọ síta tó ń mí hẹlẹhẹlẹ yẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, lórí ilẹ̀ tí iná ti jó, ooru lè pa ajá kí ọ̀yà tó rẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé bídọ̀ǹ omi tiyín lọ, ẹ gbé ti ajá mọ́ ọn. Òwúrọ̀ kùtùkùtù àti ìrọ̀lẹ́ ló dáa fún iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tó ṣubú, ẹ gbé e sábẹ́ igi, ẹ fi omi rẹ̀ ẹ́ lára, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Ẹ má da omi sí i lọ́fun tipátipá.

Èkejì ni oúnjẹ. Ẹ má fún un ní àjẹyó kó tó sáré, ṣùgbọ́n kó má sun ebi nígbà tó bá dé. Bí ẹ bá ti pín ẹran tán, ẹ wá ìpín tirẹ̀, ẹ sè é. Ìfun tútù tí a ń jù sí i kì í ṣe ẹ̀bùn, aràn ló lè fi kó. Ajá tó ń jẹun tí kò sanra, tí ikùn rẹ̀ sì wú, ẹ béèrè oògùn aràn lọ́wọ́ dókítà ẹran.

Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ fi ọwọ́ wá ara rẹ̀. Ẹ wo àárín ìka ẹsẹ̀ bóyá ẹ̀gún wà níbẹ̀. Ẹ wo inú etí bóyá eégbọn wà níbẹ̀. Ẹ wo ojú: bó bá ń di funfun, tí ajá sì ń rù, eṣinṣin inú igbó tó ń fa àrùn oorun lè ti jẹ ẹ́. Ẹ má fi kátabá tàbí oògùn òwú pa eégbọn rẹ̀ o. Oògùn òwú májèlé ni. Ó ń pa ajá, ó sì ń ṣe ọmọ tó bá gbá ajá náà mọ́ra níjàǹbá.

Ẹ̀kẹrin, tó ju gbogbo rẹ̀ lọ, ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ibí ni mo ti fẹ́ dá ọdẹ wa lóhùn.

Àrùn dìgbòlugi, èyí tí wọ́n ń pè ní la rage ní Faransé, inú itọ́ ló ń gbé. Bí ẹran tó ní in bá géni jẹ, tàbí tó lá ojú egbò wa, àrùn náà á wọlé, á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sínú ọpọlọ. Ó sábà máa ń gba oṣù méjì tàbí mẹ́ta kó tó hàn lára èèyàn. Ó lè yá jù bẹ́ẹ̀, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tó bá ti hàn, kò sóògùn tó ń wò ó. Ikú ló kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bíi 59,000 èèyàn ló ń kú nípa rẹ̀ lọ́dọọdún láyé. Nínú èèyàn 100 tó bá kó o, 99 ló jẹ́ pé lára ajá ni wọ́n ti kó o. Nínú 10 tí ajá fura sí bá sì gé jẹ, 4 ló jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Àwọn ọmọ ló ń bá ajá ṣeré, àwọn ni kì í sì í sọ fún wa pé ajá gé àwọn, torí ẹ̀rù ìyà.

Ẹ̀yin mọ ajá dìgbòlugi tó ń sáré kiri, tó ń gé igi àti òkúta jẹ. Ṣùgbọ́n oríṣi kejì wà tó ń tan ọdẹ jẹ. Ajá náà á dákẹ́, á sá pamọ́ sínú òkùnkùn, ohùn rẹ̀ á yí padà, àgbọ̀n rẹ̀ á rọ̀, kò ní lè gbé omi mì. Ẹni tó bá rí i á ní egungun ló há a. Á ki ọwọ́ bọ ọ́ lẹ́nu, itọ́ á kan ìka tí ẹ̀gún ti ya. Ìdáhùn wa fún ọdẹ yẹn rèé: má ki ọwọ́ bọ ọ́. So ó mọ́lẹ̀ bí o bá lè ṣe é láìfara kàn án, lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀, kí o sì pe dókítà ẹran.

Ajá náà kú ní ọjọ́ kẹta. Ọmọ rẹ̀ kan ti ní egbò lẹ́sẹ̀ tí ajá náà máa ń lá. Baba àtọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, wọ́n sì gbà á pé. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Owó abẹ́rẹ́ ajá yẹn ò tó owó ọ̀yà kan. Ọ̀yà mélòó ló ti pa fún mi?" Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Bí ajá bá géni jẹ, ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi epo sí i, ẹ má fi ẹ̀tù sí i. Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Abẹ́rẹ́ náà ju ẹyọ kan lọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ọjọ́ tí wọ́n ń gbà á. Ẹ má dá a dúró lágbedeméjì torí pé egbò ti jinná, àfi tí dókítà bá ní kó dúró. Bí ajá bá ṣeé so, ẹ so ó, ẹ máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bó bá kú tàbí tó sọnù, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ má pa á jẹ. Ẹni tó bá ń gé orí rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ kan ibi tí àrùn náà wà.

Ní ọdún 1885 ni Louis Pasteur, ọmọ Faransé, kọ́kọ́ fi àjẹsára yìí gba ẹ̀mí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan tí ajá gé jẹ. Ó ti lé ní 130 ọdún tí ọ̀nà ti là. Kò yẹ kí ọmọ kankan tún bá a lọ ní Manigri.

Ẹ fún ajá ní abẹ́rẹ́ tó bá ti pé oṣù mẹ́ta, kí ẹ sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún bí dókítà ẹran bá ṣe sọ. Ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e kiri ọjà nínú àpò. Inú òtútù ni oògùn yẹn ń gbé, oòrùn ti ba èyí tó wà nínú àpò jẹ́, omi lásán ni wọ́n ń gún fún ajá yín. Ẹ dá owó jọ ní abúlé, ẹ mú ọjọ́ kan, kí dókítà ẹran wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo ajá. Bí ajá 7 nínú 10 bá gbà á, àrùn náà ò ní rí ọ̀nà tàn kálẹ̀ mọ́.

Kí n tó dákẹ́, ẹ̀yin ọdẹ, ẹ rántí pé igbó Monts Kouffé àti Wari-Maro jẹ́ igbó ìjọba. Òfin 2002-16 lórí ẹranko ìgbẹ́ dá àwọn ẹranko kan sí, ó sì ní ká gba ìwé àṣẹ. Ajá ò mọ ààlà. Ẹ̀yin tí ẹ mú un lọ lẹ mọ̀ ọ́n.

Fún ìpàdé ẹgbẹ́ olùgbọ́ yín, ẹ jíròrò lórí mẹ́ta yìí. Ajá mélòó ló wà ní àdúgbò yín, mélòó ló ti gbabẹ́rẹ́? Ta ló máa lọ bá dókítà ẹran sọ̀rọ̀, ọjọ́ wo lẹ sì mú? Ṣé àwọn ọmọ yín mọ̀ pé ẹ ò ní nà wọ́n bí wọ́n bá wá sọ pé ajá gé àwọn?

Àwọn àgbà ní ajá tó bá léni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Ẹ jẹ́ ká wà lẹ́yìn tirẹ̀. Ó dìgbà kan ná o.