Ìkùukùu tó Bo Àgùàlà

Àwọn àgbà Yorùbá máa ń sọ pé Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni, nítorí pé ìràwọ̀ títàn yìí, èyí tí àwọn onímọ̀ sánmà ń pè ní Fẹ́núsì, a máa bá oṣù tuntun yọ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà mìíràn, tí yóò sì dà bí ẹni pé ó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Lójú àwọn ará Bábílónì ìgbàanì, Íṣítà, òrìṣà obìnrin tó ni ìfẹ́ àti ogun, ni. Àwọn Máyà ilẹ̀ Mẹ́síkò ní tiwọn yà á bí jagunjagun tó ń ju ọ̀kọ̀, àwọn àlùfáà wọn sì ń ka ọjọ́ 584 láti ìgbà tó bá yọ ní ìdájí títí di ìgbà tí yóò tún yọ bẹ́ẹ̀, kí ibi má bàa bá wọn lójijì.

Ohun tí gbogbo wọn rí kì í ṣe ilẹ̀ Àgùàlà bí kò ṣe ìkùukùu rẹ̀. Àpáta ni ilẹ̀ ibẹ̀ bíi ti ayé, ṣùgbọ́n ìkùukùu tó pọ́n díẹ̀ bí ògì àgbàdo pupa bò ó pátápátá, láti nǹkan bíi kìlómítà 48 sí 70 sókè, òun ló sì ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà tí ìràwọ̀ náà fi ń tàn yanran. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú òpè wo àwọn tó pè é ní ajá oṣù, nítorí ìkùukùu kan náà ló tan àwọn ọ̀mọ̀wé jẹ: Svante Arrhenius, ọmọ ilẹ̀ Swídìn tó gba ẹ̀bùn Nobel, kọ ọ́ ní 1918 pé irà àti omi ló kún ibẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú Venera 7 ti ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1970, ooru tó lè yọ́ òjé ló bá.

Ásíìdì tó wà nínú bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ìkùukùu náà, inú imí-ọjọ́ ló sì ti ń wá. Imí-ọjọ́ yìí kò ṣàjèjì lọ́jà Yorùbá: àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń tà á, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ òrí tàbí àdín, wọ́n á fi pa ọmọ tí èkúru mú lára, ọgbọ́n yìí sì fẹsẹ̀ múlẹ̀, torí àwọn dókítà náà ń lo ìpara imí-ọjọ́ fún èkúru. Ti àwọn tó ń wọ́n ọn yí ilé ká kí ejò má bàa wọlé ni ìwádìí kò tì lẹ́yìn. Bí wọ́n bá sì sun ún, èéfín rẹ̀ a máa ta ènìyàn nímú, a sì máa ba àyà jẹ́. Afẹ́fẹ́ inú èéfín yìí gan-an ni oòrùn àti oru omi ń sọ di ásíìdì lókè Àgùàlà. Òjò ásíìdì náà ń rọ̀, ṣùgbọ́n kò kan ilẹ̀ rí, nítorí pé ooru ń sọ ọ́ di oru padà lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ 243 ti ayé ni Àgùàlà fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan, síbẹ̀ ìjì ń gbá ìkùukùu òkè rẹ̀ yí i ká láàárín bí ọjọ́ mẹ́rin. Nínú ìjì yìí ni bàlúùnù méjì ti Sófíẹ́ẹ̀tì fò fún bí ọjọ́ méjì ní 1985, níbi tí ooru kò ti fi bẹ́ẹ̀ ju ti ayé lọ. Irú ooru tí kò pọ̀ jù yìí ló ti mú kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Carl Sagan àti Harold Morowitz dá a lábàá ṣáájú, ní 1967, pé ohun ẹlẹ́mìí lè máa gbé inú ìkùukùu náà, àríyànjiyàn yìí kò sì tíì tán, pàápàá lórí àwọn ilà dúdú tí ẹ̀rọ ayàwòrán ń rí níbẹ̀, tí àwọn kan sọ pé imí-ọjọ́ ni, tí àwọn mìíràn sọ pé irin ni.