Àìsùn tá a ṣe ní Lotto

Tẹ́ ẹ bá bi ọmọ Lotto pé kí ló ń jẹ́ àìsùn, Redemption City ló máa nàka sí. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni Holy Ghost Service, mọ́tò á sì tò lọ bẹẹrẹ lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, débi pé ẹni tó kàn ń lọ sílé ní Mowe á fẹsẹ̀ rìn ín. Àìsùn ìfẹ́ inú nìyẹn. Tóorun bá gbé ẹ lọ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pa ẹ́. (Ó máa ń gbé èmi lọ. Ẹ má sọ fún màmá mi o.)

Èyí tí mi ò lè gbàgbé ni ti oṣù Kẹrin ọdún 2020. Ìjọba àpapọ̀ ti sé Èkó àti Ògùn mọ́lé torí kòrónà, ebi ń pa àwọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n ń ṣe jẹun. Ni ariwo bá ta pé àwọn One Million Boys àti Awawa ń ja àdúgbò lólè. Láti Agége dé Sángo Ọ̀tà, WhatsApp ò sinmi: wọ́n ti kọ lẹ́tà, wọ́n ń bọ̀ lálẹ́ yìí!

Bí àwa náà ṣe bọ́ síta nìyẹn, tàdátàdá, tigitigi. A sun táyà sí ìkóríta. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má sùn o," bàbá lanlọ́ọ̀dù wa ló ń pariwo bẹ́ẹ̀, lórí àga tí bàbá fúnra wọn ti ń hanrun.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, à ń ṣọ́nà lóòótọ́. Tó bá fi máa di alẹ́ kẹrin, a ò ṣọ́ nǹkan kan mọ́, a ò kàn sùn ni. Ewúrẹ́ sáré kọjá, a figbe ta. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ọkùnrin kan yọ láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó mú láílọ́ọ̀nù dání. Ẹnì kan ní "Olè!" Mi ò bèèrè nǹkan kan. Mo ti gbé igi sókè kí n tó mọ̀ pé èmi ni.

Ìyàwó ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló dá ohùn ẹ̀ mọ̀ látojú fèrèsé. Ayálégbé òpópónà kejì ni. Ilé nọ́ọ̀sì kan ló ti ń bọ̀, oògùn ibà ọmọ ẹ̀ ló wà nínú láílọ́ọ̀nù.

Olè kankan ò wá sí òpópónà wa títí tí wọ́n fi ṣílùú. Tí wọ́n bá tún kọ ọ́ sórí grúùpù wa báyìí pé ká jáde ká wá ṣàìsùn, ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé ta ló máa mú tọ́ọ̀ṣì, ta ló sì mọ ojú àwọn ayálégbé. Wọ́n ní mo ti ń di àgbà.

Ọkùnrin yẹn ṣì máa ń kí mi. "Àbúrò mi, ṣé dáadáa ni?" Màá ní dáadáa ni sà.