Mọ́tò kan, ọdún mẹ́wàá: ibi tí owó àwọn tó ń to 'hot rod' nílé ń gbà lọ

Lọ́pọ̀ ilé ní California, Ohio, Nebraska àti káàkiri ilẹ̀ Amẹ́ríkà, mọ́tò tí ìdílé ń gùn kì í sùn nínú ibi ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n kọ́ mọ́ ilé. Ìta ló ń sùn, nínú òjò àti yìnyín, nítorí pé ohun mìíràn ti gba àyè rẹ̀. Ohun náà kò ní táyà, kò ní àga, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lórí irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n sì ti fi aṣọ àtijọ́ wé ilẹ̀kùn rẹ̀ méjèèjì sókè àjà. Bí èèyàn bá bi baálé ilé pé ìgbà wo ni yóò parí, yóò ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ohun tó sọ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn náà nìyẹn.

Hot rod ni wọ́n ń pe irú mọ́tò bẹ́ẹ̀. Mọ́tò àtijọ́ ni, pàápàá Ford tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1928 sí 1934. Ẹni tó bá rà á yóò tú u palẹ̀ pátápátá, yóò ki ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bọ̀ ọ́, yóò gé ibi tó bá fẹ́ gé, yóò sì tún un tò bó ṣe wù ú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe é kò fi wá oúnjẹ òòjọ́. Wọ́n níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, ìgbafẹ́ ọjọ́ Sátidé ni èyí jẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n òwò ńlá wà lẹ́yìn ìgbafẹ́ náà, bí iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe é tètè parí sì wà lára ohun tó ń mú kí ọjà àwọn oníṣòwò yìí tà.

Gúúsù California ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó lọ́wọ́ máa ń ra Ford àlòkù, wọn a yọ gbogbo ohun tó wúwo tí kò pọn dandan kúrò lára rẹ̀, wọn a wá wà á lọ sí Muroc, adágún gbígbẹ kan tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú bí tábìlì, kí wọ́n lè fi sáré. Lọ́dún 1932, Ford gbé mọ́tò tó ní ẹ́ńjìnnì V8 jáde, agbára ẹṣin 65 ló ní, èyí tó sì rọjú jù nínú wọn kò tó 500 dọ́là. Mẹ̀kúnnù kò rí irú rẹ̀ rà níbòmíràn nígbà náà, ìdí sì nìyẹn tí Ford 1932 fi di àrímáleèlọ láàárín wọn títí di òní. Lọ́dún 1937 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ SCTA sílẹ̀ kí eré orí adágún náà lè ní òfin. Nígbà tí ogun parí lọ́dún 1945, àwọn ọmọ ogun padà wálé pẹ̀lú ìmọ̀ ẹ̀rọ àti owó díẹ̀ lápò, ni nǹkan bá gbóná sí i. Robert Petersen bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn Hot Rod ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1948, nígbà tó sì di ọdún 1951, Wally Parks tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn náà dá ẹgbẹ́ NHRA sílẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, orí ààtàn mọ́tò ni wọ́n ti ń ṣa ẹ̀yà. Àwọn tí ọwọ́ wọn dá nínú wọn ló kọ́kọ́ rí i pé owó wà níbẹ̀. Vic Edelbrock, tó ń tún mọ́tò ṣe ní Los Angeles, ṣe ẹ̀yà kan tí afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì Ford fún mọ́tò tirẹ̀, àwọn tó rí bó ṣe ń sáré sì ní kó bá àwọn náà ṣe é. Bí ilé iṣẹ́ Edelbrock ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dún 1952, Bill Smith dá ilé ìtajà Speedway Motors sílẹ̀ ní Lincoln, ìpínlẹ̀ Nebraska. Nígbà tó fi máa di ọdún 1963, àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà wọ̀nyí ti pọ̀ débi pé wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, SEMA, tí ìpàtẹ ọjà rẹ̀ ń wáyé ní Las Vegas láti ọdún 1977.

Ohun tó ń mú kí iṣẹ́ náà pẹ́ ni pé kò sí ohun kan tí èèyàn lè pààrọ̀ lára mọ́tò àtijọ́ tí kò ní fa òmíràn lẹ́sẹ̀. Ká mú ẹni tó ra Ford 1932 tó fẹ́ ki V8 ti Chevrolet bọ̀ ọ́. Irú ẹ́ńjìnnì yìí, tí Chevrolet gbé jáde fún mọ́tò ọdún 1955, pọ̀ lọ́jà, ẹ̀yà rẹ̀ kò sì wọ́n, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń yàn án. Ó lè ní agbára ẹṣin 300. Ṣùgbọ́n férémù tó wà lábẹ́ mọ́tò náà, ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 65 ni wọ́n ṣe é fún. Bí wọn kò bá jó irin mìíràn mọ́ ọn láti inú, yóò máa lọ́. Búréèkì rẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pá irin ló ń fà á, nítorí mọ́tò ọdún 1939 ni Ford tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo búréèkì olómi. Mọ́tò tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fi ọ̀pá irin dá dúró, nítorí náà búréèkì olómi di dandan. Bí búréèkì bá yí padà, ibi tí awakọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà. Rádíétọ̀ ti tẹ́lẹ̀ kò lè tu ẹ́ńjìnnì tuntun lára, èyí tó tóbi tó láti tù ú sì lè ṣàìwọ àyè tó wà níwájú. Ásùù ẹ̀yìn kò lè gba agbára náà. Iná mànàmáná mọ́tò náà, fóòtì 6 ni, ẹ́ńjìnnì tuntun sì ń lo 12, ìyẹn ni pé gbogbo wáyà yóò jáde. Lẹ́yìn tí gbogbo èyí ti wọlé tán ni onítọ̀hún yóò wá rí i pé páìpù èéfín ń gbá ibi tí sitiaríìnì gbà kọjá.

Ti bọ́dì tún wà lọ́tọ̀. Irin tó ti lé ní 90 ọdún kì í ṣàìdógùn-ún, ibi tó sì ti dógùn-ún jù, abẹ́ ọ̀dà ló máa ń fara pa mọ́ sí. Ẹni tó rò pé ihò bí àtẹ́lẹwọ́ lòun fẹ́ dí lè bẹ̀rẹ̀ sí í fá ọ̀dà, kó wá rí i pé gbogbo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ti jẹ tán. Bó bá sì ń jó irin tuntun mọ́ ọn, kò gbọ́dọ̀ kánjú. Bí iná bá pọ̀ jù lójú kan, irin á wú, á sì ká kò, àtúnṣe rẹ̀ yóò wá gba àkókò ju jíjó ọ̀hún lọ. Èyí tí àwọn aláìmọ̀kan kì í fọkàn sí rárá ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń to mọ́tò náà. Wọ́n á kọ́kọ́ tò ó láìkùn ún, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá gbogbo nǹkan bára mu. Wọ́n á tún tú u, wọ́n á kùn ún, wọ́n á sì tún tò ó, ó wá di pé kí ohunkóhun má há ọ̀dà tuntun náà.

Ká ní gbogbo iṣẹ́ yìí yóò gba wákàtí 1,500. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀ yóò parí rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 38. Ẹni tó ń fi wákàtí márùn-ún ṣe é lọ́jọ́ Sátidé yóò lo ọ̀sẹ̀ 300, ìyẹn ọdún mẹ́fà ó dín díẹ̀, bí kò bá sí àìsàn, bí ọmọ kò bá wọ yunifásítì, bí òrùlé ilé kò bá sì jò. Wákàtí márùn-ún ọ̀hún pàápàá kì í pé márùn-ún, torí yóò kọ́kọ́ wá sípánà, yóò rántí ibi tó báṣẹ́ dé, yóò wá ṣàkíyèsí pé nọ́ọ̀tì kan tí kò ju 2 dọ́là lọ kò sí nílé. Sátidé kan ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́ọ̀bù bá ń gba 100 dọ́là ní wákàtí kan, owó iṣẹ́ nìkan yóò jẹ́ 150,000 dọ́là. Ẹni tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ kò san ìyẹn. Ọdún ló fi ń dípò owó, ìṣirò náà sì bọ́gbọ́n mu bó bá jẹ́ pé yóò parí.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé owó tó ti wọ inú mọ́tò tí kò tíì parí kì í rọrùn láti yọ. Ẹni tó bá ti ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀ rí mọ bí ó ṣe rí, àmọ́ ti ilé tún sàn, nítorí pé ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lè máa gbówó lórí nígbà tí bíríkì ń hu ewéko. Páálí ẹ̀yà mọ́tò kì í gbówó lórí, kò sì rọrùn kí báńkì gbà á ní ohun ìdúró. Ohun rere ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ gbèsè, owó oṣù ni wọ́n fi ń rà á, èyí tí kò bá sí owó rẹ̀ a dúró di oṣù mìíràn.

Àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ èyí dáadáa. Oníbàárà tó ń ra ohun 60 dọ́là lónìí, 200 dọ́là lóṣù tó ń bọ̀, kò lágbára láti ná ọjà, ó sì ń san owó ìfiránṣẹ́ nígbàkigbà tó bá rà. Irinṣẹ́ tún wà tí kì í kà mọ́ owó mọ́tò rárá: ẹ̀rọ ìjórin, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, ohun tí wọ́n fi ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè. Fún ẹni tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ọjà mìíràn tún wà tó jẹ́ pé àkókò gan-an ni wọ́n ń tà nínú rẹ̀. Férémù tí wọ́n ti jó tán wà, wáyà odindi mọ́tò tí wọ́n ti kọ orúkọ sí lára wà, ẹ́ńjìnnì tuntun nínú àpótí wà. Kódà ilé iṣẹ́ Brookville Roadster ní Ohio ń fi irin tuntun ṣe bọ́dì Ford àtijọ́, tí ẹni tó rà á kò ní bá ìdógùn-ún jà. Owó rẹ̀ ga, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ṣírò wákàtí tó máa fi lẹ irin, ó lè máà wọ́n bó ṣe dà lójú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣòfò ni kí wọ́n ra ohun tí kò tíì tó àkókò. Táyà tó dán lójú, tó sì wà lẹ́dìnwó, a máa wọni lójú, ṣùgbọ́n rọ́bà ń gbó bí kò tilẹ̀ tẹ ojú títì. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí àmì DOT lára rẹ̀ ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, táyà tí wọ́n rà lọ́dún kìíní iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́wàá sì ti di ohun tí wọ́n máa pààrọ̀ kí mọ́tò tó jáde. Bátìrì kò yàtọ̀. Ẹ́ńjìnnì tuntun ní ìwé ìdánilójú, ọjọ́ ìwé náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ tí wọ́n rà á, kó sì parí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nínú ọ̀rá. Àwọn tí ojú wọn ti là nínú iṣẹ́ yìí máa ń fi táyà, bátìrì àti ọ̀dà sí ìparí. Wọ́n á ra ohun tó wọ́n, tí kì í sì í bàjẹ́, ṣáájú.

Ìjọba pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ sọ. Ní California, òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2001 gba mọ́tò 500 láyè lọ́dún kan láti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí èèyàn tò fúnra rẹ̀, tí wọ́n á sì fi ọdún tí ó jọ tàbí ti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò èéfín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ń pín ìwé àyè náà, ẹni tí kò bá sì rí i gbà kí ó tó tán yóò dúró di ọdún mìíràn.

Bó bá wá di pé kí wọ́n tà á láìparí, ibẹ̀ ni ojú ti ń já ni. Ẹni tó ń rà kò mọ ohun tó sọnù, kò mọ bóyá ìjórin náà dúró, nítorí náà ewu yẹn ni yóò kọ́kọ́ yọ kúrò nínú iye tó máa san. Wákàtí ẹgbẹ̀rún tí olówó fi ṣe é kò sí nínú ìdíyelé rárá. Òfin owó orí Amẹ́ríkà kò sì ràn án lọ́wọ́: bí ẹni tó ń fi ṣe ìgbafẹ́ bá jèrè, èrè rẹ̀ wà lábẹ́ owó orí, bó bá pàdánù, kò lè yọ àdánù náà kúrò nínú owó orí rẹ̀. Ti iná àti olè tún wà. Ọ̀pọ̀ ìbánigbófò ilé kì í ka mọ́tò mọ́ ohun tí wọ́n ń dúró fún, ìdí nìyẹn tí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò kan fi ń ta ti mọ́tò tó ṣì wà lẹ́nu títò lọ́tọ̀, tí iye rẹ̀ ń gòkè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Wọ́n á béèrè rìsíìtì àti fọ́tò.

Àwọn ìwé yìí kan náà ni ìdílé máa ń wá kiri bí olówó bá kú lójú iṣẹ́. Opó lè mọ̀ pé ọkọ òun ná owó, kó má mọ iye rẹ̀, kó má sì mọ èwo nínú páálí ogún tó wà nílẹ̀ ló jẹ́ ti mọ́tò náà, èwo ló jẹ́ ti ìbòmíràn. Ẹni tó bá wá rà á kì í kọ́kọ́ wo ẹ́ńjìnnì. Ìwé mọ́tò ló máa ń béèrè, yóò sì wo nọ́ńbà tí Ford tẹ̀ sára férémù, èyí tí apá kan rẹ̀ máa ń wà lábẹ́ bọ́dì. Bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá bára mu, tàbí tí ìwé ti sọnù láti ọdún pípẹ́, ìforúkọsílẹ̀ yóò di wàhálà, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń tú u tà lẹ́yọ lẹ́yọ nìyẹn: ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan, ilẹ̀kùn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, mọ́tò ìdílé sì padà sínú ibi ìgbọ́kọ̀sí.