Sísan Owó Wọ Ọkọ̀ Ogun Òfuurufú Àtijọ́

Àṣà kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀, nítorí ó lè ya ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu. Ènìyàn a máa san owó tí kò kéré kí wọ́n lè gbé e fò, fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, nínú ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n kọ́ ní bí 80 ọdún sẹ́yìn láti fi jagun. Olúwa rẹ̀ kò ní ibì kan tí ó ń lọ o. Ibi tí ọkọ̀ náà ti gbéra ni yóò tún padà sí.

Ọkọ̀ tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jùlọ nínú irú èyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Spitfire. Ọ̀gbẹ́ni R. J. Mitchell ni ó ṣe ètò bí wọn yóò ti kọ́ ọ. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1936 ni ó kọ́kọ́ fò, Mitchell sì kú ní ọdún 1937, kò rí ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ dà. Ní ọdún 1940, nígbà tí àwọn ará Jámánì ń ju bọ́ǹbù lu ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Spitfire àti Hurricane ni wọ́n fi kò wọ́n lójú ní òfuurufú. Èyí tí wọ́n kọ́ nínú Spitfire lé ní 20,000, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo péré ni àyè gbà nínú rẹ̀, ìyẹn awakọ̀.

Níbo wá ni àlejò yóò jókòó sí? Lẹ́yìn ogun, wọ́n tún díẹ̀ nínú wọn ṣe, wọ́n fi ìjókòó kejì sí ẹ̀yìn kí wọ́n lè máa fi kọ́ àwọn awakọ̀ tuntun. Ìjọba Ireland ra 6 nínú irú èyí ní ọdún 1951. Irú ọkọ̀ oníjòókòó méjì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé àlejò nísinsìnyí, ní pápá bíi Biggin Hill ní London àti Goodwood ní Sussex, níbi tí àwọn Spitfire ti gbéra lọ sí ogun rí. Owó ìdajì wákàtí kan lé ní 2,000 pọ́ọ̀n.

Èmi kò tíì wọ irú rẹ̀ rí. Ohun tí mo kà ni mo ń sọ. Wọn a wọ àlejò ní aṣọ awakọ̀, wọn a so páráṣúùtì mọ́ ọn, wọn a sì kọ́ ọ bí yóò ti jáde bí ewu bá dé. Ẹ́ńjìnnì tí ó wà níwájú rẹ̀ tóbi tó lítà 27, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ń kọjá lójú títì kò ju lítà 2 lọ. Ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́rọ̀ láìfi ohun ìgbọ́rọ̀ bo etí. Àyè ìjókòó náà há. Bí ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo náà bá sì kú lókè, kò sí òmíràn tí yóò gbà á.

Kí ni wọ́n ń rà nígbà náà? Àwọn kan ń wá ìrántí bàbá tàbí bàbá àgbà wọn tí ó jagun. Ẹ má sì ṣe rò pé ìrántí ogun yìí kò kàn wá. Ẹgbẹ́ 218 nínú àwọn ọmọ ogun òfuurufú Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ orúkọ Gold Coast, nítorí àwọn ará ibẹ̀ gbà á ṣe tiwọn. Peter Adéníyì Thomas, ọmọ Èkó, di awakọ̀ òfuurufú àti ọ̀gá ológun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun yẹn, jàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ni ó sì pa á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1945. Johnny Smythe, ọmọ Sàró, wà nínú ọkọ̀ ajubọ́ǹbù tí wọ́n yìn lulẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1943. Ó di ẹlẹ́wọ̀n títí ogun fi parí, ó padà wá di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba ilẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà n kò lè fi àwọn tí ń san owó yìí ṣe ẹlẹ́yà. Yàtọ̀ sí èyí, owó wọn wà lára ohun tí ó ń mú kí àwọn ọkọ̀ náà máa fò, nítorí títún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ṣe wọ́n púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin ni ó mú mi lọ́kàn jùlọ. Ọkọ̀ òfuurufú tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ lónìí ní ìwé ẹ̀rí tí ó fi hàn pé ó dé ìwọ̀n ààbò tí gbogbo ayé mọ̀. Spitfire kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwé àyè àtifò ni ó ní, èyí tí kò tó ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, àwọn aláṣẹ òfuurufú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ pé kí ẹni tí ń gbé àlejò sọ ìyàtọ̀ yìí fún un ní gbangba, kí àlejò sì fọwọ́ sí i pé òun gbọ́, òun sì gbà. Àwọn baba wa ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òfin náà ní kí ó tilẹ̀ wo ẹnu àáké náà ná, kí ó tó jẹ oyin.

Èyí dára lójú mi. Àgbàlagbà ni olówó, ẹ̀mí tirẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn lè gbà ní tòótọ́ nígbà tí ó bá fọwọ́ sí ìwé? Ó lè gbà pé ọkọ̀ ti gbó, pé ẹ́ńjìnnì ọ̀kan ni, pé kò sí ìtùnú níbẹ̀. Kò lè tú pulọ́ọ̀gì wò.

Ọ̀rọ̀ Nine-O-Nine ni ó mú mi sọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ajubọ́ǹbù B-17 ni, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mẹ́rin. Ọdún 1945 ni wọ́n parí rẹ̀, kò lọ sójú ogun rárá; orúkọ àti ọ̀dà B-17 mìíràn tí ó jagun ni wọ́n fi sí i lára. Collings Foundation ni ó ni ín, wọ́n sì ń gbé e kiri Amẹ́ríkà lábẹ́ ìyọ̀ǹda àkànṣe láti ọwọ́ ìjọba. Àlejò ń san nǹkan bí 450 dọ́là. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ó gbéra ní pápá Bradley ní Connecticut, ènìyàn 13 ni ó wà nínú rẹ̀, 10 nínú wọn jẹ́ àlejò. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì kẹrin fi ń ṣe ségesège, awakọ̀ sì ní òun ń padà bọ̀. Ọkọ̀ náà kò dé ojú ọ̀nà ìsọ̀kalẹ̀ tí ó fi já lulẹ̀ láàárín àwọn òpó iná, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọlu ilé kan, ó sì gbiná. Àwọn awakọ̀ méjèèjì kú, àlejò 5 kú pẹ̀lú wọn.

Àjọ tí ń wádìí jàǹbá gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Wọ́n ní lẹ́yìn tí awakọ̀ ti pa ẹ́ńjìnnì kẹrin, kò ṣe ìkáwọ́ eré ọkọ̀ bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kẹta pẹ̀lú kò lágbára mọ́, àìtọ́jú dáadáa ni ó sì fà á fún àwọn méjèèjì. Awakọ̀ yìí kan náà ni ó jẹ́ olórí àwọn tí ń tọ́jú ọkọ̀! Wọ́n tún dá Collings Foundation lẹ́bi nítorí ètò ààbò rẹ̀ tí kò múná dóko, wọ́n sì dá àjọ FAA ti ìjọba lẹ́bi pé kò bójú tó ètò náà. Kí ìwádìí yẹn tó parí ni FAA ti gba ìyọ̀ǹda náà padà, ní oṣù Kẹta ọdún 2020.

Ìwé wo ni àwọn àlejò mẹ́wàá yẹn ìbá fọwọ́ sí tí yóò mú kí ẹ́ńjìnnì kẹta lágbára? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì wa, ọmọ Gánà, ní kí ìjọba kúkú fi òfin de gbogbo rẹ̀. N kò gbà fún un, nítorí àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń tọ́jú ọkọ̀ wọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fún mi ní owó náà lónìí, n ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ń tú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, àti ẹlòmíràn tí ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnìkan náà ni wọ́n dárúkọ fún mi lẹ́ẹ̀mejèèjì, ilẹ̀ ni n ó wà tí n ó ti máa wo ọkọ̀ náà lókè.