Ìfiwéra Àwọn Abẹ́rẹ́ Tí Ń Mú Ẹnu Kú Nínú Ìtọ́jú Eyín Àgbàlagbà: Ipa Èdè Nínú Rẹ̀

Ìfáàrà
Ìbẹ̀rù ìrora kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tètè gbé akokoro lọ bá oníṣègùn eyín. Wọn a máa fi omi iyọ̀ tù ú títí eyín tí à bá dí yóò fi di èyí tí a ó yọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé àwọn abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà ìrora náà, ó sì fi hàn pé ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn wà lára ohun tí oníṣègùn fi ń yan èyí tí yóò lò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́
Iṣan ìmọ̀lára ni ó ń gbé ìròyìn ìrora láti eyín lọ sí ọpọlọ. Oògùn yìí a dí ọ̀nà tí sodium ń gbà wọ inú iṣan náà, ìròyìn kò sì ní kọjá. Aláìsàn kò sùn. Ó lè mọ̀ pé wọ́n ń ti eyín òun, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó dùn ún. Adrenaline tí wọ́n sábà ń pò mọ́ ọn a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kí oògùn lè pẹ́ lójú kan.

Ìfiwéra
(i) Lidocaine: Nils Löfgren àti Bengt Lundqvist ni wọ́n ṣe é ní Sweden ní 1943. Ìwọ̀n 2% pẹ̀lú adrenaline a máa mú inú eyín kú fún nǹkan bí wákàtí kan.
(ii) Articaine: Jámánì ni ó ti wá. Àgbéyẹ̀wò Cochrane ti 2018, tí ó kó ìwádìí 123 jọ, rí i pé ìwọ̀n 4% rẹ̀ borí lidocaine 2% fún eyín ẹ̀yìn tí inú rẹ̀ ti wú.
(iii) Mepivacaine 3%: kò ní adrenaline, kì í sì í pẹ́, ó wúlò fún iṣẹ́ kúkúrú.
(iv) Bupivacaine: ó ń pẹ́ jù wọ́n lọ, ó sì dára níbi tí ìrora yóò pọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ohun tí aláìsàn gbọ́dọ̀ sọ
Kò sí èyí tí ó bá gbogbo ènìyàn mu. Oníṣègùn yóò béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn, oyún, oògùn tí ènìyàn ń lò, àti bóyá abẹ́rẹ́ ti bá a jà rí. Bí eyín bá ti wú, oògùn kì í tètè ràn án; kí aláìsàn nawọ́ sókè bí ó bá ṣì ń dùn ún, kí wọ́n lè fi kún un. Lẹ́yìn ìtọ́jú, kí ó má jẹun títí ẹnu yóò fi yé kú, kí ó má baà gé ètè ara rẹ̀ jẹ.

Àgbálọgbábọ̀
Ní Gwagwalada níbí, tí Ilé-Ìwòsàn Ìkọ́ni Yunifásítì Àbújá wà, onígbagyi, oníháúsá àti Yorùbá ni wọ́n jọ ń jókòó de dókítà. Ẹni tí kò gbọ́ ìbéèrè yé yóò fèsì òdì, èsì òdì sì lè mú kí wọ́n fún un ní oògùn tí kò bá ara rẹ̀ mu. Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kún ẹ̀kọ́ ìlera tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ lọ́la, ní èdè abínibí wọn.