Ìfẹ́ Alálòpẹ́ àti Àyè Ẹnìkọ̀ọ̀kan láàárín Tọkọtaya ní Orè àti Odigbó

Àwọn kan gbà pé àṣà tí a yá lọ́wọ́ òyìnbó ni pé kí ọkọ àti ìyàwó fún ara wọn láyè. Èrò bébà yìí ni pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní Orè àti Odigbó, oko kòkó àti òwò ojú pópó ti mú kí ọ̀pọ̀ tọkọtaya máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìgbà pípẹ́ láìtú ká.

Orè, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbó, ni oríta tí ọ̀nà Èkó sí Ìbíní ti pàdé ọ̀nà tí ó ti Oǹdó lọ sí Òkìtìpupa. Obìnrin tí ó ń ta oúnjẹ fún èrò ọkọ̀ níbẹ̀ kò lè fi ọjà sílẹ̀ nítorí oko. Ọkọ rẹ̀ tí ó wà ní abà kò sì lè fi kòkó sílẹ̀ nígbà ìkórè, láti nǹkan bí oṣù kẹwàá títí di oṣù kìíní. Bí a bá fọ́ kòkó tán, a ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ 6 kí a tó sá a. Ẹni tí ó sá kòkó kì í sì í rìn jìnnà, nítorí òjò.

Kí ni ó wá so wọ́n pọ̀? Oúnjẹ tí a fi rán ọmọ lọ sí abà, iṣu tí ó ń ti abà bọ̀, ìròyìn tí awakọ̀ ń mú lọ mú bọ̀. Ọkọ tí kò fi nǹkan ránṣẹ́ mọ́ ni a ń kà sí ẹni tí ó kọ aya rẹ̀ sílẹ̀.

Òfin Ìgbéyàwó ọdún 1970, tí kò kan ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ka ọdún ní tirẹ̀: bí tọkọtaya bá gbé lọ́tọ̀ fún ọdún 2 gbáko tí ẹni tí a pè lẹ́jọ́ kò takò, tàbí fún ọdún 3 bí ó tilẹ̀ takò, ilé ẹjọ́ lè tú wọn ká.

Ṣùgbọ́n kí a má sọ ayé àtijọ́ di ọ̀run. Lóòótọ́ ni ìyàwó ní yàrá tirẹ̀ nínú agbo ilé, ó sì ní owó òwò tirẹ̀. Orogún ni ó sì sábà ń fa yàrá náà. Ọkọ a lọ sí abà nígbà tí ó bá wù ú. Ìyàwó tí ó bá fẹ́ lọ wo ìyá rẹ̀ ní láti tọrọ àyè.

Lónìí, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá tí a ń háyà ní Orè, yàrá kan ni tọkọtaya mìíràn ń bá àwọn ọmọ wọn gbé. Àyè tí ó kù fún obìnrin ni ìsọ̀ rẹ̀. Ti ọkùnrin, abẹ́ igi tí a ti ń ta ayò. Bí ẹbí bá ń parí ìjà lórí pé ọkọ ń pẹ́ níta, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè iye yàrá tí wọ́n ní.