Ọmọ fẹ́ sáré mọ́jú nínú igbó: kí ni iṣẹ́ ọ̀rẹ́ nínú eré ìje ọgọ́rùn-ún máìlì?

 

Ìyá kan nínú àwọn tó ń ka ìròyìn wa bi wá ní ìbéèrè kan tó lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pa wá lẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà, ló pè é pé òun fẹ́ bá ọ̀rẹ́ òun sáré láti ìrọ̀lẹ́ mọ́jú nínú igbó. Kò sí owó níbẹ̀, kò sí ife-ẹ̀yẹ. Òun gan-an kò tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ fún eré náà. Ìyá ní: "Ààfáà, ta ló ń sá eré tí kì í ṣe tirẹ̀? Ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọmọ mi?"

Kò sí nǹkan tó ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́.

Eré máráthọ́nì tí a mọ̀ jẹ́ kìlómítà 42 àti díẹ̀. Èyí tó bá gùn jù ú lọ ni wọ́n ń pè ní ọ́ltrà-máráthọ́nì. Púpọ̀ nínú wọn kì í gba orí títì ọlọ́dà. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, orí òkè, inú igbó, inú odò nígbà míì. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Kalifọ́níà ni Western States. Eré ẹṣin ni wọ́n ń sá lójú ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀, láti 1955, ẹṣin sì gbọ́dọ̀ parí ọgọ́rùn-ún máìlì láàárín wákàtí 24. Ní 1973, ẹṣin ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gordy Ainsleigh tiro, kò lè parí eré. Nígbà tó di 1974, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sá a láàárín àwọn ẹlẹ́ṣin, ó sì parí rẹ̀ ní wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 42.

Lónìí, aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Sátidé ní òpin oṣù Kẹfà ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ láti Olympic Valley. Auburn ni wọ́n ń lọ, kìlómítà 161. Ẹni tí kò bá dé kí aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú tó lù, ìyẹn wákàtí 30, wọn kò ní kà á mọ́ àwọn tó parí. Yìnyín máa ń wà lórí òkè ní ọdún míì, ooru inú àfonífojì sì lè kọjá 38 lórí ìwọ̀n Celsius.

Ibi máìlì 62, ní Foresthill, ni òfin ti fàyè gba asáré láti mú ẹnì kan tí yóò máa bá a sáré lọ. Ibẹ̀ ni ọmọ wa yìí yóò ti wọlé. Ẹ wá wo ohun tó yani lẹ́nu: kò gbọdọ̀ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé omi, kò gbọdọ̀ bá a gbé báàgì, kò gbọdọ̀ fà á. Kí ló wá ń ṣe? Ojú àti ẹnu ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ti sáré láti ìdájí kì í mọ̀ pé òun kò tíì jẹun fún wákàtí méjì. Ẹlòmíràn á máa mu omi láìdúró títí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi dínkù. Orí á fọ́ ọ, èébì á gbé e, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa ṣe ségesège, ó sì lè pa á. Òun fúnra rẹ̀ á rò pé àárẹ̀ lásán ni. Ẹni tó mọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé ló máa kọ́kọ́ fura.

Bí àpẹẹrẹ ibi tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ni dáadáa ṣe ń rí, ẹ rántí Gansu ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 2021, àwọn 172 ló bẹ̀rẹ̀ eré kìlómítà 100 níbẹ̀. Òjò, yìnyín àti afẹ́fẹ́ òtútù ká wọn mọ́ orí òkè, àwọn 21 sì kú. Innā lillāhi. Darandaran kan, Zhu Keming, tó sá òjò náà sínú ihò àpáta, ló gba àwọn asáré mẹ́fà là, ó sì dáná fún wọn. Kì í ṣe asáré, wọn kò sì gbà á síṣẹ́ kankan níbi eré náà.

Àwọn tó ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà tún wà. Àwọn kan ń ṣètò oúnjẹ àti omi yìnyín, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́ lásán. Àwa náà rò ó tẹ́lẹ̀ pé àtẹ́wọ́ kò ju ariwo lọ. Ní 2015, Rob Krar gba ipò kìíní ní Western States, kò tó wákàtí 15 tó fi dé.  Ìyá àgbà kan, Gunhild Swanson, ẹni 70 ọdún, ṣì wà lójú ọ̀nà, àkókò sì ti fẹ́ tán. Krar wọ sílípáàsì, ó lọ pàdé rẹ̀, ó ń bá a sáré bọ̀ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, gbogbo pápá sì dìde, wọ́n ń pariwo. Wákàtí 29, ìṣẹ́jú 59, ìṣẹ́jú-àáyá 54 ni màmá fi wọlé. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà péré ló kù.

Ní ti ẹ̀sìn, eré sísá kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Ojíṣẹ́ Ọlọ́hun bá ìyá wa Áíṣà sáré ìje lórí ìrìn-àjò. Ìyá wa kọ́kọ́ borí, nígbà tó wá sanra díẹ̀, Ànábì borí, ó sì sọ pé òun ti gba ti ìṣáájú padà. Ó wà nínú ìwé Abu Dawud. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí wọ́n máa fi ta tẹ́tẹ́.

Ìrun ló ṣòro díẹ̀. Asáré tó ń lọ sí Auburn ti kọjá ìwọ̀n ìrìn-àjò, èyí tó tó nǹkan bíi kìlómítà 80 ní ọ̀dọ̀ àwa oní-Màlíkì, nítorí náà ó lè gé ìrun kúrú. Àmọ́ kìlómítà 61 péré ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sá. Ibi tí ilé rẹ̀ wà ló máa sọ bóyá arìnrìn-àjò lòun náà. Súbúhì ọjọ́ Àìkú yóò bá àwọn méjèèjì lójú ọ̀nà, a kì í sì í dà á pọ̀ mọ́ ìrun mìíràn. Kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n kí i. Bí omi ọwọ́ wọn kò bá ju èyí tí wọn yóò mu lọ, kí wọ́n fi erùpẹ̀ mímọ́ ṣe tayammum.

A sọ fún ìyá náà kó bi ọmọ rẹ̀ léèrè bóyá ó ní iná tí wọ́n ń dè mọ́rí, bóyá ó ní aṣọ òtútù, àti bóyá yóò ráyè sùn lọ́sàn-án Sátidé kó tó lọ. Ó ní òun á bi í, ṣùgbọ́n òun á kọ́kọ́ bi í bóyá ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ sí i.